Ta Ló Pariwo Gan-an? Ọ̀rọ̀ Lórí Lílé Ayálégbé Jáde Nítorí Ariwo

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin ayálégbé, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé entrée-coucher, ìyẹn yàrá kan ṣoṣo, káàkiri Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Ẹ̀yin ará wa tó jẹ́ Gun, tí ẹ gbọ́ Yorùbá tí ẹ sì wá bá wa jókòó, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti Kétu wá, ẹ kú ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí onílé àti ayálégbé, mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ilé ni wọ́n fẹ́ kí n sọ. Òun ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ rò. Ẹni tó wá bẹ̀ mí ní rárá. Ó ní látìgbà tí òun ti ń bá wọn parí ìjà ládùúgbò, èyí tí kì í tán bọ̀rọ̀ ni ti ariwo. Mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Ẹni tó jẹ owó ilé, a mọ iye tó jẹ. Ìwé wà, ọjọ́ wà lára ìwé, ẹnikẹ́ni lè kà á. Ẹni tí wọ́n ní ó ń pariwo ńkọ́? Kí la fẹ́ fi wọn ariwo tirẹ̀? Etí ta ni?

Mo gbà láti wá nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Onílé ni mí. Bàbá mi kọ́ ilé kan sí ọ̀nà Wàńdò, yàrá mẹ́jọ tó yí àgbàlá ká, kànga láàárín, ilé ìwẹ̀ méjì lẹ́yìn. Nígbà tí bàbá di olóògbé, àwọn àbúrò mi ní kí èmi máa bójú tó o, èmi náà sì ń gbé yàrá kan níbẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gba owó ilé níbẹ̀, tí mo ń pààrọ̀ páànù tó jò, tí mo sì ń parí ìjà. Mo ti lé èèyàn jáde rí. Ẹnì kan wà nínú wọn tí kò yẹ kí n lé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbé wá síbí lónìí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ẹnu ọ̀nà wọlé.

Gbogbo wa la mọ bí àgbàlá ṣe ń jí. Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí ìyá alákàrà ti ń po ẹ̀wà nínú agbada, tí ọmọ rẹ̀ ń ṣẹ́ igi. Ìpè ìdájí dún láti mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó ń fi zémidjan ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀kadà rẹ̀ nítòsí fèrèsé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé. Garawa ń gbá ara kànga, ìgbálẹ̀ ń ha yanrìn. Lọ́jọ́ Jímọ́ àwọn onísọ́ọ̀ṣì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta fún àìsùn. Nígbà tí iná SBEE bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, èéfín rẹ̀ á sì gba yàrá ẹlòmíràn lọ. Kò sí ẹni tó máa sọ pé ìwọ̀nyí kì í ṣe ariwo. Síbẹ̀, ọdún á gorí ọdún, ẹnikẹ́ni kò ní fẹjọ́ ìyá alákàrà sun. Ọjọ́ tí òun àti onílé bá jà lórí owó iná, nítorí ohun tí décompteur, ẹ̀rọ tó ń ka iná tí yàrá kọ̀ọ̀kan lò, kà, ọjọ́ yẹn gan-an ni onílé á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ìyá yìí ń pariwo láàárọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Ariwo wà, ó ń dun èèyàn, ó ń pa aláìsàn lára, èmi kò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa fara dà á títí láé. Àmọ́ nínú ẹjọ́ ariwo tí mo ti bá wọn dá sí, mélòó ló jẹ́ pé ariwo ni ìdí rẹ̀ lóòótọ́? Mo mọ onílé kan tí wọ́n da ọ̀dà sí òpópónà iwájú ilé rẹ̀, nígbà tí ìjọba ń tún àwọn ọ̀nà inú ìlú wa ṣe. Ó rí i pé yàrá tí òun ń gba ẹgbẹ̀rún méjìlá séfà lé lórí lè mú ẹgbẹ̀rún ogún wá. Kò sọ fún ayálégbé pé òun fẹ́ fi kún owó. Ó ní àwọn ọmọ rẹ̀ ń pariwo. Àwọn ọmọ náà ti ń ṣeré ní àgbàlá yẹn fún ọdún mẹ́fà, èyí tó kéré jù nínú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ẹlòmíràn tún wà tí ẹ̀sìn ayálégbé rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò lè sọ ọ́ síta, ó wá sọ pé àdúrà rẹ̀ ń dí òun lọ́wọ́ oorun. Ariwo ni ẹ̀sùn tó rọrùn jù láti fi kan èèyàn, nítorí kò sí ẹni tó máa béèrè pé kí o gbé e wá kí a rí i.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti òfin, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 2018 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2018-12, lórí ilé tí èèyàn yá láti máa gbé ní Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín mọ apá kan nínú rẹ̀, ìyẹn pé owó ìdúró tí à ń pè ní caution kò gbọdọ̀ ju owó oṣù mẹ́ta lọ. Ẹ rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, tí onílé ń ní kí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ lọ wá owó oṣù mẹ́fà tàbí ti ọdún kan wá. Òfin náà fẹ́ kí àdéhùn wà ní kíkọ. Yàtọ̀ sí i, gbólóhùn méjì wà tí àwọn agbẹjọ́rò máa ń fi Faransé sọ, tó sì dáa kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan ni jouissance paisible: onílé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ayálégbé gbé ilé náà ní àlàáfíà. Èkejì ni bon père de famille: kí ayálégbé máa lo ilé bí olórí ilé tó ní làákàyè ṣe ń lo tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ní ojúṣe. Bí ayálégbé bá sọ ilé di ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè sùn, onílé lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ kí adájọ́ tú àdéhùn wọn ká.

Ilé ẹjọ́ ni mo wí. Adájọ́ ló ń pàṣẹ, huissier ló ń mú àṣẹ náà ṣẹ. Onílé tó gun òrùlé lọ ṣí páànù nígbà òjò, tó yọ ilẹ̀kùn, tó gé iná tàbí tó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ayálégbé lọ ọjà, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe adájọ́, bí ayálégbé náà tilẹ̀ jẹ́ aláriwo tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Mo ń sọ èyí fún àwọn onílé ẹgbẹ́ mi, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń ṣe é, tí a sì ń gbóríyìn fún ara wa.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́, ọ̀nà mìíràn wà. Olórí àdúgbò wà. Tribunal de conciliation wà, níbi tí wọ́n ti ń jókòó gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì. Àdéhùn tí ẹ bá bá ara yín ṣe níbẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, bí ilé ẹjọ́ bá sì fọwọ́ sí i, ó ti ní agbára. Ará Àjàṣẹ́ mọ ibi tí ilé ẹjọ́ wa wà, ẹ̀yin ará Kétu sì mọ̀ pé Pọ̀bẹ̀ ni tiyín. Ní ti ariwo fúnra rẹ̀, láti ọdún 2001 ni ìjọba ti gbé àṣẹ jáde lé e lórí. Bí ilé ọtí tàbí ilé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bá ń da àdúgbò láàmú, ẹ lè mú ẹjọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ ìjọba láìjẹ́ pé ẹ bá wọn jà lójú títì.

Òfin tó o, ẹ jẹ́ ká padà sí àgbàlá.

Obìnrin kan wà tó yá yàrá kẹta lọ́wọ́ mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe. Òun ló wá yá yàrá náà, owó rẹ̀ ló kà sí mi lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé. Ọkọ rẹ̀ dé lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Ọkùnrin náà ní ọ̀yàyà. Bó bá bá mi ní àgbàlá, á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, á béèrè bí ara mi ṣe le. Kò pẹ́, ariwo bẹ̀rẹ̀ ní yàrá kẹta. Kì í ṣe lójoojúmọ́. Ọjọ́ mélòó kan á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó di òru Sátidé, abọ́ á fọ́, àga á wó lulẹ̀, ohùn obìnrin á sì gba gbogbo ilé. Yàrá tèmi àti tiwọn, ògiri kan ló pín wa. Mo máa ń fi aṣọ bo etí.

Àwọn ayálégbé yòókù wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mẹ́fà nínú wọn, wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà mi. Wọ́n ní àwọn ò lè sùn mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní ọmọ tuntun, òmíràn ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní Kùtọnu lójoojúmọ́, aago márùn-ún ló ń jáde. Wọ́n ní ẹnu obìnrin náà ti pọ̀ jù. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: ẹnu obìnrin náà. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́, nítorí náà òun ló pariwo. Èmi náà ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pe àwọn méjèèjì. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní ìyàwó òun gbóná lára. Obìnrin náà jókòó sórí àpótí, ó fa gèlè rẹ̀ bo etí kan. Mo bá a wí. Mo ní ilé èèyàn ń gbé ni ilé yìí. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, «Ẹ má bínú, Màmá. Màá dákẹ́.»

Títí dòní, mo ṣì ń gbọ́ «màá dákẹ́» yẹn.

Ó dákẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó tún ṣẹlẹ̀. Ìgbà kẹta, ìyá ọmọ tuntun ní bí obìnrin yẹn kò bá kúrò, òun á kúrò. Mo wá kọ ìwé. Obìnrin náà ni mo kọ ọ́ sí, ṣé òun ló yá yàrá. N kò gba ilé ẹjọ́ lọ, n kò pe olórí àdúgbò, obìnrin náà kò sì mọ̀ pé òun lè sọ pé òun ò lọ. Ó kó ẹrù rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó yá kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó di ibùsùn àti abọ́ sórí rẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kí wọ́n gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí i. Ọwọ́ ló fi gbé e, ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ, títí ó fi yà ní ìkóríta. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Sákété ló forí lé. Ọkùnrin náà rí yàrá mìíràn ní Tòkpọ́tà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ta ni kò ní fún un ní yàrá? Ó mọ èèyàn í kí, ìwé ìlékúrò kò sì sí lọ́rùn rẹ̀.

Ìgbà tí mo wọ yàrá kẹta lọ láti gbá a ni mo rí ilẹ̀kùn. Láti ìta, kò sí ohun tó ṣe é. Mo tì í, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdábùú tí wọ́n fi ń tì í láti inú ti já. Wọ́n ti kàn án padà, ó tún ti já, wọ́n tún sún un sókè díẹ̀ kàn án, ó tún já. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo kà, ihò ìṣó lórí ihò ìṣó, bí ẹni tó ń gun àkàbà. Ẹsẹ̀ ibùsùn kan tó ṣẹ́ wà nílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ orí rẹ̀ kí ó lè há sábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo fi aṣọ bo etí, obìnrin kan wà ní ẹ̀yìn ògiri tó ń kan ìṣó.

Èdè wa ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí èmi kò yà sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà. Yorùbá mọ ariwo, ó sì mọ igbe. Ẹni tó ń pariwo ń fi ariwo ṣe nǹkan. Ẹni tó ń kígbe, nǹkan ló ń ṣe é. Láyé àtijọ́, bí igbe bá ta lóru, agbo ilé á jí, ọkùnrin á mú àdá, obìnrin á gbé fìtílà, ẹnikẹ́ni kì í kọ́kọ́ sọ pé ta ló ń dí òun lọ́wọ́ oorun. A wá kó sínú yàrá tí a ń sanwó fún, a pe igbe ní ariwo, a sì kọ ìwé fún ẹni tó ké.

Òfin wà fún ìyẹn náà. Láti oṣù kìíní ọdún 2012 ni òfin 2011-26 ti wà lórí ìwà ipá sí àwọn obìnrin, Institut National de la Femme sì wà tó ń gba ẹjọ́ irú wọn. N kò mọ ọ̀kankan nínú wọn nígbà náà. Bí mo tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, ǹjẹ́ mi ò bá ti lò ó? Èmi náà gbà pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya, àárín wọn ni kó mọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pa èèyàn, ẹ̀yin ará.

Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Abọ́mẹ̀-Kàláfí. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún un, ó ní kì í ṣe ìwọ nìkan, Màmá. Ó wá sọ fún mi nípa ìlú kan ní Amẹ́ríkà, Norristown, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ìlú náà ṣe òfin kan pé bí wọ́n bá pe ọlọ́pàá sí ilé kan nígbà mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin nítorí rògbòdìyàn, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ tí onílé fi ń yá ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kí ìwé àṣẹ onílé má bàa bọ́, ó gbọ́dọ̀ lé ayálégbé tó ń pe ọlọ́pàá. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ọkùnrin tó ń bá gbé tẹ́lẹ̀ ń lù. Ó ti mọ̀ pé bí òun bá tún pe ọlọ́pàá, ilé á bọ́ lọ́wọ́ òun, ó sì dákẹ́. Ní ọdún 2012 ọkùnrin náà gún un débi pé hẹlikọ́pútà ni wọ́n fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìlú ṣì ń fẹ́ kí onílé lé e jáde. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 2014 ìlú náà fagi lé òfin rẹ̀, ó sì san owó tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 495 dọ́là. Ní ọdún 2022 òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà wá sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá pe ọlọ́pàá láti inú ilé tó ń gbé, wọn kò gbọdọ̀ torí ìyẹn fìyà jẹ ẹ́.

Òkun ló pín wa, òfin tiwọn kì í ṣe tiwa. Síbẹ̀ nígbà tí ọmọ mi ń kà á fún mi, yàrá kẹta ni mò ń rí. Àwọn ti Norristown kọ ọ́ sínú òfin. Èmi kọ ọ́ sórí bébà kan ṣoṣo pẹ̀lú bíírò. Ohun kan náà la sọ fún obìnrin méjèèjì: dákẹ́ tàbí kí o jáde.

N kò fẹ́ kí ayálégbé kankan kúrò níbí kó lọ sọ pé Màmá ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lé aláriwo. Rárá. Mo ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣẹjọ́ tó gbé gbohùngbohùn tó ga tó èèyàn sínú yàrá, tó ń lù ú láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di ìdájí. Bàbá àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú ló wà ní yàrá tó kángun sí i. Bàbá yẹn á jáde lóru, á lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kànga, á dì mọ́ra nínú òtútù. Mo bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a jókòó lọ́dọ̀ olórí àdúgbò, ó fọwọ́ sí ìwé, kò mú un ṣẹ. Mo gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ó gba oṣù púpọ̀, ó ná mi lówó, mo sì tún máa ṣe é lọ́la bí ó bá pọn dandan. Ẹni tó ń fi ìgbádùn ara rẹ̀ gba oorun lójú aláìsàn, àánú rẹ̀ kò ṣe mí. Àmọ́ ẹ wò ó, ẹjọ́ ọmọ yẹn kò le láti mọ̀. Mo gbọ́ ọ fúnra mi, mo rí ẹ̀rọ náà, mo mọ ọwọ́ tó ń tàn án.

Ohun tó yẹ kí n ṣe fún aránṣọ yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí n dìde lóru, kí n lọ kan ilẹ̀kùn. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ni láti ẹnu ọ̀nà mi sí tiwọn. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí, kí n jí ẹni méjì tẹ̀ lé mi, tàbí kí n pe ọlọ́pàá. Lówùúrọ̀, kí n pe obìnrin náà nìkan, kó má jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ jókòó tì í kí n tó bi í léèrè. Ẹni tí wọ́n ń lù kì í rojọ́ lójú ẹni tó ń lù ú. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ti rò ó, mo rí i pé èèyàn mẹ́fà lè tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ kí ó ṣì jẹ́ ẹjọ́ ẹnìkan lo gbọ́, nítorí gbogbo wọn, ibi kan náà ni wọ́n dúró sí: ìta ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹ̀yin onílé, ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ nǹkan sí. Ọjọ́ wo ni, aago mélòó, irú ohùn wo, ta ló fẹjọ́ sùn, kí ni ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn sọ. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ tí inú ń bí yín. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tèmi ni mo rí i pé ayálégbé kan tó ń fẹjọ́ ẹnì kejì rẹ̀ sùn mí léraléra, ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá jà lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ló máa ń wá. Orí okùn la parí ìjà náà sí, a na okùn kejì.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ gba rìsíìtì, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí òjò kò lè dé. Bí wọ́n bá fi ẹnu lásán sọ fún yín pé kí ẹ kó jáde lọ́la nítorí ariwo, ẹ má kó jáde, ẹ má sì bú onílé. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì arrondissement yín, ìyẹn ẹ̀ka ìlú tí ẹ ń gbé, márùn-ún ló wà ní ìlú yìí, ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n pe onílé fún ìparíjà. Ẹ sì jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbọ́ igbe ní yàrá kejì, kí ẹ tó tò wá sí ẹnu ọ̀nà onílé ní ọjọ́ Ajé, ẹ kan ilẹ̀kùn náà ní òru Sátidé.

Mo rí aránṣọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, nínú ọjà Wàńdò, ó ń ta òwú àti bọ́tìnì lórí tábìlì. Mo dá a mọ̀ kí òun tó dá mi mọ̀. Mo kúnlẹ̀. Àwọn èèyàn wò mí, àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ fún ẹni tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó sáré gbé mi dìde, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ ohun tí mo rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún un. Ó dákẹ́ títí. Ó wá sọ pé, «Màmá, mo máa ń rò pé ẹ gbọ́. Yàrá yín ló kángun sí tiwa.» Ó wọn rọ́bà ìránṣọ tí mo fẹ́ rà, gígùn apá méjì, ó ká a, ó fún mi ní ṣéńjì mi pé.

Mo ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn yàrá kẹta, mo sì ti tún ìwé àdéhùn ilé wa kọ. Agbẹjọ́rò kan bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo fi kún un kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Mo kọ ọ́ pé bí ariwo bá ṣẹlẹ̀ ní yàrá kan, onílé á kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà nínú ewu níbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé igbe ìrànlọ́wọ́ tàbí ìpè sí ọlọ́pàá kò ní di ẹ̀sùn sí ẹni tó ké lọ́rùn láé. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní ìwé, wọ́n á ti gbọ́ ti oníkálùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn àbúrò mi kọ́kọ́ ní ó ti pọ̀ jù, pé ayálégbé á máa fi gun orí wa. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tí a ti ń lò ó. Mo tẹ ẹ̀dà ogójì wá, Yorùbá níwájú, Faransé lẹ́yìn, ó wà lórí tábìlì tó wà nítòsí ilẹ̀kùn. Ẹ mú un bí ẹ ṣe ń jáde. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó gbé ọwọ́ sókè.